Àyè Ìmí Tó Sọnù ní Bẹẹrẹ

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ọdún náà, gbogbo obìnrin tó ń gbé aṣọ fún Alhaja Qúdrát rán ní Bẹẹrẹ, nílùú Ìbàdàn, ṣàdédé sanra. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni rí i lára wọn o. Aṣọ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó kó aṣọ padà wá, síìpù rẹ̀ ló gòkè dé agbedeméjì ẹ̀yìn, ló bá dúró síbẹ̀. Ẹnìkejì ní apá aṣọ òun há débi pé òun ò lè gbọ́wọ́ sókè kí èèyàn lójú pópó. Basit, ẹni tó ń gé aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, wo aṣọ, ó wo téèpù, ó tún wo fóònù tí ìwọ̀n àwọn oníbàárà wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ lòun gé. Kò sí ibi tí òun ti ṣì í.

"Ààwẹ̀ tán, ìrẹsì dé," ni Basit wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò rò pé ọ̀rọ̀ náà máa jáde nínú ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti gba abẹ́ Màpó kọjá, ó ti dé Ọjà'ba, níbi tí Alhaja Sẹ̀gilọlá ti ń ta abọ́ àti ìkòkò.

Alhaja Sẹ̀gilọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba léèsì tirẹ̀ lọ́wọ́ Basit ni. Ó ti gbé e wọ̀ nílé níwájú dígí, ọkọ rẹ̀ sì ń bá a fa síìpù. Baálé ilé fà á títí, ó mí kanlẹ̀, ó fi síìpù sílẹ̀, ó sì jáde lọ ṣe àlùwàlá. Kò sọ nǹkan kan. Ká ní ó tiẹ̀ sọ̀rọ̀ ni, ìyàwó ì bá rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Alhaja Sẹ̀gilọlá ti fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń mu láàárọ̀, ó sì ń gun òkè Màpó lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, gbogbo àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n tán. Bí wọ́n bá pè é wá jẹun ọ̀sán lọ́jà, á ní òun ń gba ààwẹ̀ Ṣàwálì, ọlọ́jọ́ mẹ́fà tó ń tẹ̀ lé Ràmàdáánì. Oṣù Ṣàwálì ti parí tipẹ́.

Ẹni tó fa gbogbo èyí wà ní Bẹyẹrúnká, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀, ó ń mu zóbò tútù.

Jamilah lorúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaja Qúdrát ni. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Láti orí àga oníke kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ará Èkó àti ti òkè òkun tí kò fojú rí rí. Òun ló ṣe áàpù fún àǹtí rẹ̀, tó sọ ọ́ ní Ìwọ̀n. Bí oníbàárà bá dé, wọ́n á fi téèpù wọ̀n ọ́n, wọ́n á tẹ ìwọ̀n rẹ̀ sínú fóònù, kò sì sí pé a ń wá ìwé kiri mọ́. Gbogbo aránṣọ Alhaja ló ní in lórí fóònù. Bí dátà bá wà ní títàn, fóònù á lọ bá kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lórí ayélujára, á gba ohun tuntun tó bá wà níbẹ̀, á sì fi rọ́pò ti àtẹ̀yìnwá. Bí dátà ò bá sí, á máa lo èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀.

Áàpù náà dára. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí Jamilah lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ rọlẹ̀ lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, ó ní òun máa fi ọgbọ́n kún un: kí ó máa sọ iye ọ̀pá aṣọ tí oníbàárà máa rà. Kọ̀ǹpútà ò sì lè ṣírò àfi tí ó bá rí nọ́ńbà tó mọ́. Inú tábìlì àtijọ́, ìyẹn àkójọ orúkọ àti ìwọ̀n tó wà nínú áàpù, bí ọ̀rọ̀ lásán ni ìwọ̀n ṣe wà, torí pé aránṣọ máa ń tẹ ohun tó bá wù ú. Jamilah wá ṣe tábìlì tuntun tó jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló ń gbà, ó sì kọ ètò tó máa kó gbogbo nǹkan láti inú ti àtijọ́ sínú ti tuntun. Ó kọ́kọ́ fi àwọn oníbàárà àfinúdá dán an wò. Ó lọ geere. Ó wá ṣe é lórí ojúlówó. Ó ka iye orúkọ tó wà nínú ti àtijọ́, ó ka ti tuntun, wọ́n dọ́gba. Kò sí àṣìṣe kankan tó yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó pa tábìlì àtijọ́ rẹ́, ó ní alhamdulillah, ó lọ jẹun.

Nítorí náà, nígbà tí àǹtí rẹ̀ pè é lórí fóònù, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Jamilah, bá mi wo áàpù rẹ yìí. Aṣọ ń há."

"Àǹtí, kọ̀ǹpútà kì í gé aṣọ."

"Mo mọ̀. Basit ló ń gé e. Basit sì ní ohun tó wà níbẹ̀ lòun ń gé."

"Ẹ bá mi sọ fún Bọ̀dá Basit kí wọ́n nu jígí ojú wọn, mà."

Basit wà nítòsí, ó gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fi téèpù lé aṣọ kó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án, síbẹ̀ àwọn oníbàárà ń kó aṣọ padà wá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Aránṣọ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ bíi tirẹ̀, kó máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Ohun tó yí Jamilah lọ́kàn padà ni aṣọ Iléyá tirẹ̀. Basit rán an, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ní Bẹyẹrúnká. Jamilah tínrín, gbogbo agbo ilé ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, kó di òpó mú. Ó gbé aṣọ náà wọ̀. Síìpù gòkè o, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ jókòó, kò lè jókòó. Ó dúró sójú kan bí igi, ó ń mí díẹ̀díẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kọjá, ó wò ó. "Ìwọ náà?"

Ó bọ́ aṣọ kúrò, ó ṣí áàpù, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀. Àyà: 33. Ó wo nọ́ńbà náà. Ó rántí ọjọ́ tí àǹtí rẹ̀ wọ̀n ọ́n, bó ṣe fi téèpù yí i ká, tó sì pariwo sí Basit pé, "Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, plọ́ọ̀sì méjì."

Plọ́ọ̀sì méjì dà?

Bí Alhaja Qúdrát ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ara èèyàn; èyí tó tẹ̀ lé plọ́ọ̀sì ni àyè ìmí, ìyẹn íǹṣì tí wọ́n fi ń dẹ aṣọ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè mí, kó jókòó, kó sì jẹun. Kì í ṣe ọgbọọgba fún gbogbo èèyàn. Alhaja á wo oníbàárà, á wo bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, bóyá ẹni tó fẹ́ràn kí aṣọ lẹ̀ mọ́ra ni àbí ẹni tó ń jókòó sọ́jà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, á sì dá iye rẹ̀. Báyìí ló ṣe ń wà nínú tábìlì àtijọ́: 33+2, 40+3. Ètò tí Jamilah kọ sì ń ka nọ́ńbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá ti kan ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà, ibẹ̀ ló ń dúró, ó sì ń da ìyókù nù. Ó ti rò pé ìdọ̀tí lásán ló máa wà lẹ́yìn nọ́ńbà, bí ẹni tó kọ "íǹṣì" síbẹ̀. Àwọn oníbàárà àfinúdá tó fi dán an wò, òun fúnra rẹ̀ ló dá wọn, kò sì sí èyí tó ń jẹun nínú wọn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò nílò àyè ìmí.

Iye orúkọ kò dín. Ohun tó wà nínú wọn ló dín. Òun sì ti ka orúkọ, ó ti lọ jẹun.

Ó rántí pé òun ti ṣe àdàkọ tábìlì àtijọ́ pa mọ́ kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Ó wá a jáde. Fáìlì náà wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ dára, ọjọ́ rẹ̀ pé. Ó ṣí i. Òfìfo. Lọ́jọ́ tó ṣe é, fíìmù Kòríà ti kún kọ̀ǹpútà rẹ̀ dẹ́nu, kò sí àyè tí àdàkọ máa wọ̀, kò sì tíì ṣí i wò láti ìgbà náà. Ó sáré lọ wo àwọn àdàkọ tí kọ̀ǹpútà orí ayélujára ń ṣe fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́. Díẹ̀ ni wọ́n ń fi pa mọ́. Tí tuntun bá dé, ti àtijọ́ á lọ. Gbogbo èyí tó kù ló ti há bí aṣọ tirẹ̀.

Ó wọ híjáàbù, ó gba Bẹẹrẹ lọ.

Alhaja Qúdrát gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin láìjá lu ọmọ rẹ̀. Jamilah kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àjákù aṣọ, ó ń ṣàlàyé tábìlì àtijọ́ àti tábìlì tuntun.

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé," Alhaja wí pẹ̀lú sùúrù, "ìwọ lo da àyè ìmí gbogbo obìnrin Ìbàdàn nù?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Sẹ̀gilọlá ò jẹ oúnjẹ alẹ́ mọ́. Ó ń gun òkè Màpó."

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

Basit bọ́ jígí ojú rẹ̀. Ó mú àjákù léèsì kan, ó rọra nu apá kan, ó nu apá kejì, ó gbé e wọ̀ padà, ó sì wo Jamilah láti òkè délẹ̀.

"Mo ti nù ún," ló wí. "Mo ti ń rí ọ dáadáa báyìí."

Jamilah dojúbolẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Bọ̀dá Basit. Ẹ̀bi yín kọ́ rárá."

Basit ju àjákù léèsì náà sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti fẹ́ lọ yẹ ojú mi wò ní ọsibítù." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, Jamilah sì mọ̀ pé òótọ́ ni.

Kí wọ́n tún gbogbo èèyàn wọ̀n, Iléyá ti sún mọ́ jù, àwọn oníbàárà mìíràn sì ń gbé Èkó. Àyè ìmí gan-an sì kọ́ ni téèpù ń wọ̀n. Alhaja ló ń fojú dá a, kò sì lè rántí ti gbogbo wọn. Jamilah bá dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá dojú rú: èwo ló há, ta ló gé e, ọjọ́ wo?

"Ṣé gbogbo aṣọ ló há?"

"Ó tì o," Basit wí. "Ti Gàfárù ò há."

Ọ̀kan lára àwọn aránṣọ Alhaja ni Gàfárù, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ló ti ń gé aṣọ, tó sì ń rán an. Láti ìgbà tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń yìn ín, ó sì ti gbà fún wọn. Ó ti sọ fún Alhaja pé ọwọ́ òun yàtọ̀, pé ẹ̀bùn ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá ló tiẹ̀ ní òun lè yọ̀ǹda àkókò láti kọ́ Basit bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ.

"Fóònù wo ni wọ́n ń lò?" Jamilah béèrè.

"Èyí tí ojú rẹ̀ ti fọ́ náà," Alhaja dáhùn. "Kì í tan dátà. Ó ní dátà ń jẹ bátìrì. Mo máa ń bá a jà lórí ẹ̀."

"Láti ìgbà wo, Àǹtí?"

"Á ti tó inú ààwẹ̀."

Jamilah fò sókè. Fóònù tí kò tan dátà láti inú ààwẹ̀ kò tíì gba tábìlì tuntun. Gbogbo plọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀! Ṣùgbọ́n bí Gàfárù bá ṣèèṣì tan dátà pẹ́nrẹ́n, áàpù á lọ sórí ayélujára, á gba tuntun, á sì fi pa ti àtijọ́ rẹ́, bí Jamilah fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti máa ṣe. Ó pe Gàfárù lójú ẹsẹ̀.

"Bọ̀dá Gàfárù, ẹ káàsán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan dátà yín."

"Kí lo wí? N ò gbọ́ ọ."

"Dátà! Ẹ má tan dátà!"

"Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Kí n tan dátà? Ó dáa, jẹ́ n pè ọ́ lórí Wásáàpù."

"Rárá! Ẹ má—"

Ó ti gé e. Jamilah tún un pè, kò lọ.

Bó ṣe bọ́ sójú títì, kò dúró bá ọlọ́kadà ná owó, ó fò sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ Màpó sọ̀kalẹ̀, wọ́n já sí Ọjà'ba, àwọn èèyàn ń yà fún wọn, àwọn mìíràn ò yà. Níwájú ìsọ̀ abọ́, ọ̀nà dí, ọ̀kadà dúró. Alhaja Sẹ̀gilọlá gbójú sókè láàárín àwọn ìkòkò rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú díẹ̀.

"Jamilah! Kí ló ń lé ọ?"

"Plọ́ọ̀sì yín ni, mà! Mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé!"

Ọ̀nà là, wọ́n ti kọjá. Alhaja Sẹ̀gilọlá dúró, ó ń bi àwọn alájọtà rẹ̀ pé kí ni ọmọ yẹn sọ.

Gàfárù jókòó sídìí maṣíìnì rẹ̀ nígbà tí Jamilah dé. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka kan ń tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ le koko. Jamilah kúnlẹ̀ kí i, ó sì já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ṣe méjèèjì.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ ti tàn án?"

"Mo tàn án kẹ̀?" Gàfárù ṣì na ọwọ́ sílẹ̀ bíi pé fóònù ṣì wà níbẹ̀. "Dátà ò sí lórí ẹ̀. Mo fẹ́ rà á, wọ́n ní kí n padà gbìyànjú tó bá yá."

Jamilah pa gbogbo nẹ́tíwọ̀kì fóònù náà, ó ṣí áàpù. Ó tẹ orúkọ Sẹ̀gilọlá. Àyà: 42+4. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀. 33+2. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó gbé fóònù tí ojú rẹ̀ fọ́ náà lé àyà. Ìgbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀ ló wá sọ sí i lọ́kàn pé òun ì bá ti fi fóònù ara òun ti kọ̀ǹpútà orí ayélujára pa láti inú ṣọ́ọ̀bù, kí Gàfárù máa tan dátà títí ilẹ̀ á fi mọ́, áàpù ò ní rí nǹkan kan gbà. Ó tì í pa níbẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ṣàlàyé fún Gàfárù. Gàfárù gbọ́, ó yí táyà maṣíìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe ọwọ́ mi?"

"Ọwọ́ yín dáa, sà."

"Ṣùgbọ́n fóònù ni."

"Fóònù náà wà níbẹ̀, sà."

"Mo sì ti sọ fún ìyàwó mi," Gàfárù wí. Ó ń dùn ún.

Lọ́tẹ̀ yìí Jamilah ò kánjú. Ó gbé fóònù náà lọ sí Bẹyẹrúnká, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Fíìmù Kòríà lọ. Ó ṣe tábìlì tuntun mìíràn, nọ́ńbà ara ní àyè tirẹ̀, àyè ìmí ní tirẹ̀, ó sì kọ́ ètò náà pé tó bá kan ohun tí kò yé e, kó dúró kó pariwo, kó má da ohunkóhun nù. Orí àdàkọ ló ti kọ́kọ́ ṣe é. Ó dáa tó ṣe bẹ́ẹ̀, torí ètò náà pariwo: ẹnì kan wà tí wọ́n kọ "38 àbọ̀" sí; ẹnì kan tún wà tí Basit kọ "40, kò fẹ́ kó fún un" sí. Basit wá jókòó tì í, wọ́n ń fi ti àtijọ́ wé ti tuntun ní orúkọ kọ̀ọ̀kan, òun ń kà á, Jamilah ń wò ó. Àwọn oníbàárà tó dé lẹ́yìn tí Gàfárù ti pa dátà rẹ̀ kò sí nínú fóònù náà. Àwọn yẹn, Alhaja ní kí Jamilah fúnra rẹ̀ gbé téèpù lọ bá wọn nílé, kó bẹ̀ wọ́n, kó sì tún wọn wọ̀n. Ó lọ bá gbogbo wọn. Obìnrin kan bú u tán, ó sì tún fún un ní àkàrà.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń tú ojú rírán, wọ́n ń dẹ aṣọ. Iléyá ku díẹ̀ nígbà tí Alhaja Sẹ̀gilọlá wá gba léèsì rẹ̀. Jamilah kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìyẹn ni pé n ò sanra?"

"Ẹ ò sanra rárá, mà."

"Látọjọ́ yìí?"

"Látọjọ́ yìí, mà."

Alhaja Sẹ̀gilọlá jókòó. Ó ní kí wọ́n bá òun pe ẹlẹ́wà tó ń kọjá níta. Ó jẹ ẹ̀wà náà pẹ̀lú búrẹ́dì títí abọ́ fi gbẹ. Ó wọnú lọ gbé léèsì wọ̀, Alhaja Qúdrát fa síìpù, síìpù sì gòkè wọ̀ọ̀. Ó yí síwájú dígí, ó yí sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ tutù.

"Plọ́ọ̀sì yìí," ló wá wí. "Mélòó ni tèmi?"

Alhaja Qúdrát ń wo àjà. Basit rí òwú kan tó fẹ́ já.

"Mẹ́rin, mà," Jamilah dáhùn.

"Mẹ́rin! Ti àwọn yòókù ńkọ́?"

"A kì í sọ ti ẹlòmíràn, mà."

"Kọ méjì sí tèmi."

Jamilah gbìyànjú. Ó ṣàlàyé pé tí wọ́n bá kọ méjì, aṣọ tó ń bọ̀ á tún há. Pé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ bá ohun tí Basit máa gé mu, pé àìbáramu yìí gan-an ló kó gbogbo ọjà síyọnu. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó fi sùúrù sọ ọ́. Alhaja Sẹ̀gilọlá gbọ́ ọ délẹ̀, ó ń mi orí, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ó yé mi, ọmọ mi," ló wí. "Kọ méjì síbẹ̀. Kí Basit máa gé mẹ́rin."